Ìkà inú ìtàn tí kò ní ìfẹ́, ṣé ó lè láyọ̀? (Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán ló fà á)

Tíṣà_Èdè | Ọjọ́bọ̀, 7:12 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ SS2 mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ariwo ṣí òrùlé kíláàsì lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. À ń ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde lọ́dún 1970. Fún ẹni tó ti pẹ́ tó kà á: Ìyálóde Ìbàdàn ni obìnrin náà. Ó lówó, ó lẹ́rú lọ rẹrẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Ló bá ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde ní kí wọ́n lọ bẹ́ ẹ lórí. Nígbẹ̀yìn, Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn, àtàwọn ìjòyè dìde sí i, òun náà sì gbé májèlé jẹ.

Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tí obìnrin yìí kò kàn jókòó jẹ owó rẹ̀? Ta ló ń bá a du nǹkan? Ó lè láyọ̀ láìfẹ́ràn ẹnì kankan." Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní irọ́ ni, pé ìkà tí kò ní ẹni tó fẹ́ràn, tí ẹnì kan kò sì fẹ́ràn, kò lè mọ ayọ̀, ariwo lásán ló ń pa. Bí kíláàsì ṣe pín sí méjì nìyẹn.

Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má wulẹ̀ fi "Ọlọ́run ló yé" dá mi lóhùn, mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí.

Àlàbí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ìkà tó láyọ̀ jù lọ nínú ìtàn wa, Ìjàpá ni. Ó ń jalè, ó ń purọ́, ó ń rẹ́ àna rẹ̀ jẹ. Wọ́n lè nà án bí ẹni máa kú lónìí, bó bá dọ̀la ẹ óò bá a nínú àlọ́ mìíràn tó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ta ni Ìjàpá fẹ́ràn ju ikùn rẹ̀ lọ?

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Àlàbí, Yánníbo ńkọ́? Àbí o ò gbọ́ àlọ́ ọlọ́mọ ni? Yánníbo kò rọ́mọ bí, Ìjàpá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó ní Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́, kó má ṣe fi ọwọ́ kàn án kó fi kan ẹnu. Ó gbé ìkòkò lérí. Òórùn ẹran àti epo gbà á nímú. Ó rìn díẹ̀, ó sọ̀ ọ́, ó ṣí i wò. Ó rìn díẹ̀ sí i, ó tún sọ̀ ọ́. Kó tó délé, ìkòkò ti gbẹ. Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ló bá sáré padà, ó ń kọrin: "Babaláwo mo wá bẹ̀bẹ̀, alugbinrin." Ẹ rántí pé kò sọ òótọ́ nínú orin yẹn náà. Gbòǹgbò ló yọ òun, ni ó wí.

Èmi gbà pé ó fẹ́ràn Yánníbo. Ó fẹ́ràn rẹ̀ láti ilé dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ni ọbẹ̀ gba ipò rẹ̀.

Àlàbí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́bọ̀, 8:03 alẹ́

Àǹtí, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń jẹ ọbẹ̀ yẹn lábẹ́ igi ńkọ́? Kí ikùn tó wú? Ẹ má sọ fún mi pé inú rẹ̀ kò dùn.

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Ebi ló ń pa ìwọ náà. Lọ jẹun.

Bàbá_Bodè | Ọjọ́bọ̀, 9:21 alẹ́

Àlàbí ọmọ mi, inú Ìjàpá dùn. Jẹ́ ká fún un ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú dídùn yàtọ̀ sí ayọ̀. Inú dídùn, èèyàn lè dá a ní. O jókòó ti àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì àti ewédú pàdé lórí rẹ̀, inú rẹ dùn, o kò nílò ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ sàn bí kò bá sẹ́ni tó bá ọ nídìí ẹran. Ayọ̀ ni kò ṣeé dá ṣe. Kí ni ẹni tó bímọ ń wí? "Ẹ bá mi yọ̀." Kí ni ẹni tó moyè ń wí? "Ẹ wá bá mi yọ̀." Ẹni tó kọ́lé kò tíì sun inú rẹ̀ tó ti ń pín ìwé ìpè kiri àdúgbò. N kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun kí òun lè ráyè yọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè yín wọ́. Ẹ má bi mí pé ta ni ìkà fẹ́ràn. Ẹ bi mí pé bí ire bá dé bá a, ta ni yóò ránṣẹ́ sí?

Mo wà ní pápá ìṣeré níbí n'Ìbàdàn ní 1981 nígbà tí ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe eré náà. Àtẹ̀gùn ni mo jókòó lé, èrò ti gba ibi gbogbo. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ lójú agbo. Èyí tí n kò gbàgbé ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ Adétutù dé ojú ikú, obìnrin kan tó jókòó níwájú mi tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sí àyà, ó fi ìborùn bò ó lójú. Ọmọ náà ti sùn, kò rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Aṣọ̀tàn | Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Eré kíkọ ni èmi fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa díẹ̀.

Ìkà kì í láyọ̀ nínú fíìmù wa nítorí pé ẹ̀yin òǹwòran kò gbà fún un. Kò tó kó kú, ó gbọ́dọ̀ ya wèrè. Wèrè náà kò tó, ó gbọ́dọ̀ wọ ọjà, kó máa tú aṣọ, kó máa ka ẹjọ́ ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: "Èmi ni mo pa ọkọ mi! Èmi ni mo gbé ilé ọmọ ìyàwó kékeré so!" Alátà àti ẹlẹ́ran yóò dúró, wọ́n á máa káwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ni ẹ tó máa gbà pé eré ti parí, tí ẹ ó dìde lọ gbé ìkòkò kaná.

Mo gbìyànjú rẹ̀ rí. Mo kọ eré kan tí bàbá oníwà burúkú inú rẹ̀ parí ìtàn lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ ilé ọmọ òrukàn, kò ṣàìsàn, kò ní ọ̀rẹ́, kò níyàwó, ó kàn ń mu tíì, oorun ń kùn ún. Ẹni tó fẹ́ náwó sí eré náà ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ojú ewé tó kù dà?" Mo ní ó parí nìyẹn. Ó ní, "Ó parí? Ta ló wá mú un?"

Èrò tèmi ni pé ìkà lè láyọ̀ dáadáa, láìsí ìfẹ́, láìsí ohunkóhun. Owó ìwòran ni kò jẹ́ ká kọ ọ́.

Ọmọ_Aláàfin | Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Gáà? Baṣọ̀run Gáà, tó ń fi ọba jẹ tó tún ń pa wọ́n ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àádóje ọjọ́ péré ni Awọ́nbíojú lò lórí ìtẹ́. Adébáyọ̀ Fálétí sọ ọ́ di eré, a sì ń pa á lówe títí dòní: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé ìfẹ́ kò wọ́n Gáà. Ó bímọ bí ẹni bí eku, ó sì fẹ́ràn wọn débi pé ó pín wọn káàkiri ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ kí wọ́n máa gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ààfin. Ìfẹ́ nìyẹn. Kí ni ìfẹ́ náà ṣe fún un? Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún dìde sí i ní 1774, tòun tọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ló jọ bá a lọ. Bí Gáà bá ní ìfẹ́ tí kò sì ní ayọ̀, a jẹ́ pé ìfẹ́ kọ́ ni ìkà ń wá.

Aṣọ̀tàn | Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 àárọ̀

Ta ló sọ fún yín pé Gáà kò láyọ̀? Nǹkan bí ogún ọdún ló fi ń pàṣẹ. Ikú rẹ̀ nìkan ni òwe mọ̀. Òwe kò sọ bó ṣe máa ń jẹun alẹ́.

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́ Ẹtì, 12:10 ọ̀sán

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kì í rán an lọ fi ojú ẹlòmíràn gbolẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ, ọlọ́pàá rẹ̀ ni wọ́n. Èmi kò ka ìyẹn sí ìfẹ́. (Ọ̀sán ti pọ́n, mo ní oníbàárà. Mo ń bọ̀.)

Àṣàkẹ́_Peckham | Ọjọ́ Ẹtì, 11:52 alẹ́

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ìkà inú ìtàn lẹ ń sọ, ti ojú ayé ni tèmi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ní London, iṣẹ́ òru ni mo wà báyìí. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà kan. Ó lówó lọ́wọ́ gan-an. Ó fi ojú àwọn ọmọ rẹ̀ rí màbo nígbà tí ara rẹ̀ le, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó kábàámọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, a ra kéèkì, a to àga mẹ́fà yí tábìlì ká. Kò sẹ́ni tó wá. Èmi ti mú tíṣù sọ́wọ́, mo rò pé yóò sunkún. Obìnrin yìí gé kéèkì, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó kù púpọ̀ fún òun. Inú rẹ̀ dùn. Mo fi ojú mi rí i, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n.

Ní aago mẹ́ta òru ó tẹ aago. Mo sáré lọ, mo rò pé ara ló ń ni ín. Ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé páálí kéèkì lé itan. Ó ní kí n wá wo bó ṣe kù tó.

Bàbá_Bodè | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:44 àárọ̀

Ẹ bá mi yọ̀.

Àṣàkẹ́_Peckham | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:20 àárọ̀

Bàbá, ohun tó gbà mí lọ́kàn láti àná nìyẹn. Mo bá a jẹ díẹ̀ nínú kéèkì náà o. Wọn kì í gbà wá láyè, ṣùgbọ́n mo bá a jẹ ẹ́.

Òpìtàn_Òjé | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:05 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Kí ẹ tó sin obìnrin yìí tán, ẹ jẹ́ ká ya Ẹfúnṣetán inú eré sọ́tọ̀ kúrò lára Ẹfúnṣetán tó gbé Ìbàdàn. Èkejì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọmọ kíláàsì Tíṣà tó ní kó jókòó jẹ owó rẹ̀ kò mọ ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé.

Ìbọn, ẹ̀tù àti tábà wà lára ohun tó ń tà. Àwọn ológun Ìbàdàn ló ń kó ọjà náà láwìn lọ sójú ogun. Ẹni tí gbogbo ológun jẹ lówó, ìyẹn kì í ṣe obìnrin tó jókòó sílé tó ń wo ojú ọjọ́. Ní 1860 ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi tó ti ń rọbí. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé láti ìgbà náà ló ti yí padà, tó sì ń han àwọn ẹrú rẹ̀ tó bá lóyún léèmọ̀. Mo ń gbèjà rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòóṣà fi kàn án. Mẹ́ta ni. Pé kò bá òun lọ sógun. Pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Pé nígbà tí òun ti ogun dé, kò jáde wá sẹ́yìn odi wá kí òun kú àbọ̀. Ó tán. Ẹ̀sùn ẹrú tó lóyún kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874 ni wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n fi Ìyápọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, ẹrú rẹ̀ méjì gba òkè àjà sọ̀ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n fọ́ ọ lórí. Májèlé tí ẹ rí nínú eré kò wáyé. Ta ló wà nídìí àwọn ẹrú náà? Kúmúyìlọ̀, ọmọ tó gbà tọ́. Látòóṣà ti fi owó fa ojú rẹ̀ mọ́ra.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé obìnrin yìí kò ní ìfẹ́, mo máa ń béèrè pé kí ló dé tó fi gba ọmọ tọ́ lẹ́yìn tí tirẹ̀ kú? Ẹni tí kò fẹ́ ìfẹ́ mọ́ kì í gba ọmọ ọlọ́mọ sílé. Ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló pa á.

Aṣọ̀tàn | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:31 àárọ̀

Òpìtàn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ rí ohun tí òǹkọ̀wé ṣe báyìí? Ó yọ Kúmúyìlọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó gbé májèlé lé obìnrin náà lọ́wọ́. Bí òǹwòran bá rí i pé ọmọ tó tọ́ ló tà á, àánú rẹ̀ á ṣe wọ́n, ẹjọ́ á sì yí padà sórí Látòóṣà. N kò bá òǹkọ̀wé jà o, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n gbà kí ìkà kú, kọ́kọ́ gba gbogbo ẹni tó lè sunkún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ_Aláàfin | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:00 àárọ̀

Ẹ̀sùn kẹta yẹn dùn mí. Ẹ lọ tún un kà. Wọ́n yọ obìnrin lóyè torí pé kò jáde wá bá ẹlòmíràn yọ̀.

Bàbá_Bodè | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀

Ọmọ_Aláàfin, o ti sọ èyí tí mi ò rí. Èmi ń wí pé ìkà kò ní ẹni bá a yọ̀. O wá fi hàn mí pé ó ti pẹ́ tí òun náà kò ti bá ẹnikẹ́ni yọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín ikú ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀sùn náà. Bí aboyún kan bá ń kọjá, a máa ń kí i pé "àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o". Báwo lẹ ṣe rò pé ó máa ń dún létí obìnrin yẹn nínú agbo ilé tirẹ̀, lẹ́nu ẹrú tirẹ̀?

Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni rere. Adétutù lọ́mọ nínú.

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà dé. Mo ka gbogbo rẹ̀ nídìí ọjà, ni mo bá fún oníbàárà ní ṣéńjì tó lé. Ẹni tó bá jẹ nínú ẹgbẹ̀rún kan náírà mi, ẹ ṣàánú mi.

Mo bí ìbejì, ọ̀kan ló kù. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níhìn-ín, ẹnu ni. Ọdún àkọ́kọ́, bí wọ́n bá pè mí síbi ìkómọ, mo máa ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. Irọ́ kọ́, ara mi á gbóná gan-an. Mo wá ń rò ó: ká ní mo ní ẹrú ọ̀ọ́dúnrún nígbà yẹn, ká ní ohun tí mo bá sọ ni òfin nínú ilé mi, tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé "Ìyá Ìbejì, ó tó"? N kò mọ ohun tí mi ò bá ṣe. Ìyá ọkọ mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Wọṣọ, a ń lọ síbi ìkómọ, wàá jókòó ti ìrẹsì, bí o bá fẹ́ sunkún, máa sunkún sínú rẹ̀." Mo lọ. Mo sunkún. Mo jẹ ìrẹsì náà.

Àlàbí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ má bínú.

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Kò sí nǹkan kan. Ṣé o ti jẹun?

Tíṣà_Èdè | Ọjọ́ Ajé, 6:50 alẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo kà á fún wọn láàárọ̀ yìí, mo yọ orúkọ yín kúrò. Ọmọkùnrin yẹn kò yí padà. Ó ní Ìyálóde ì bá kàn ta àwọn ẹrú tó lóyún, kó gba owó, kó sinmi, pé ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ọjà tà dáadáa. Mo ní kó jókòó kí n tó sọ ohun tí mi ò ní lè sọ níwájú ọ̀gá ilé ìwé.

Ọmọbìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá a jà lọ́tẹ̀ yìí. Ó nawọ́, ó ní, "Tíṣà, nígbà tí ọmọ Ìyálóde kú, ta ló wá kí i kú ọ̀fọ̀?" Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Mo ní kí gbogbo wọn lọ wá a kí ó tó di Ọjọ́rú, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ojú ewé wá. Èmi náà ń wá a lọ́wọ́ báyìí.

Àlàbí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 àárọ̀

Tíṣà, mo wọ mọ́tò gba Challenge kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé ère rẹ̀ wà ní ràǹdábáòtù, ọkọ̀ ń yí i po láti àárọ̀ dalẹ́, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tí mi ò sì wò ó. Go-slow mú wa. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ní, "Ìyálóde, ẹ kú ọ̀fọ̀ o." Kọ́ńdọ́ ní ṣé mo ti sanwó.